Irin Tí Kì í Yọ́ Nínú Iná

Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ mànàmáná jókòó sí etí àga nínú yàrá ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Ó wá tọrọ ọmọ oníbúrẹ́dì. Gírámà kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀rù bàbá náà ni kò jẹ́ kó jáde dáadáa.

Oníbúrẹ́dì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. "Ọmọ mi ní o gbọ́n. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

"Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú mànàmáná wá là ń tọ́jú, sà. Èmi ni mò ń rí i pé abẹ̀bẹ̀ irin inú rẹ̀ ò gbóná jù."

"Kí ló ń mú un gbóná?"

"Iná tí a dá sí i ni, sà."

"Ẹ̀yin lẹ dáná, ẹ̀yin náà lẹ tún ń wá bó ṣe máa tutù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí ààrò mi bá gbóná jù, igi ni mo ń yọ. Ẹ yọ igi!"

"Bí iná bá kéré, sà, mànàmáná á kéré. Iná yẹn gbóná kọjá ibi tí irin ti ń yọ́."

"Irin ò wá yọ́?"

"Kò yọ́, sà!" Orí Ẹnjiníà wú; ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó mọ̀ jù. "Inú abẹ̀bẹ̀ náà ṣófo, a sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Afẹ́fẹ́ tútù ń gbabẹ̀ jáde, ó ń bò ó bí aṣọ, iná ò ní ráyè kàn án."

"Irin tuntun, ẹ wá lu ihò sí i? Ṣé o ò ní lu ihò sí ìkòkò ọmọ mi báyìí?"

"Háà! Rárá o, sà!"

"Níbo lẹ ti ń rí afẹ́fẹ́ tútù?"

"Ẹ̀rọ yẹn náà ló ń fún un pọ̀, sà. Ó gbóná tó omi híhó lọ́nà mẹ́rin."

"Tútù nìyẹn?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, sà, ó tutù."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí ògiri. Ẹnjiníà rí i pé ìyàwó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Oníbúrẹ́dì yíjú padà. "Wo bó o ṣe ń làágùn bí olè tí wọ́n mú."

Ẹnjiníà fò dìde. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà! Ihò wà lára mi, òógùn ń gbabẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì yọ́!"

Oníbúrẹ́dì wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ta wá ni iná?"

Ẹnjiníà wolẹ̀. Gírámà ti tán. "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀rù yín ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ yín, mi ò sì ní sá."

Oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. "Jókòó, àna mi. Àwọn mẹ́ta tó wá ṣáájú rẹ, orí ìdúró ni wọ́n ti yọ́."

Níta, obìnrin kan ń pariwo mọ́ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Ohùn náà ń sún mọ́ ilẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì rọra tún kọ́là ara rẹ̀ ṣe.

"Ìyá ọmọ náà ti dé. Múra gírí: òun ni iná. Èmi ni afẹ́fẹ́ tútù."