Òfin Tuntun Lórí Fífi Ìdí Júwe Ọ̀nà ní Ọ̀dàn-Gbọọrọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ọ̀dàn-Gbọọrọ, tọmọdé tàgbà, ẹ gbé òkèlè yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́! Èmi Ajíbóyè akéde ni. Agogo ọwọ́ mi yìí, agogo bàbá mi ni. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí bí ọ̀rọ̀ òní bá yíwọ́, ọwọ́ Ṣùbérù aránṣọ ló ń lọ. Ṣùbérù olóhùn ewúrẹ́!

Kábíyèsí ló rán mi. Inú ń bí Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ ń dun Kábíyèsí. Mo tún un wí: ẹsẹ̀ ń dun Kábíyèsí!

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wo oko Bàbá Ọdẹ́jímí tó ń sin oyin láàárín ọ̀dàn. Wọ́n béèrè ọ̀nà. Ẹnì kan ní iwájú díẹ̀ báyìí ni. Wọ́n wá wọ bàtà ààfin lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n bi àwọn tó ń ro ẹ̀gẹ́. Àwọn yẹn ní wọ́n ti dé tán. Nígbà tí bàtà lanu, wọ́n bi Ìyá Wúràọlá tó ń ṣẹ́gi. Ìyẹn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn na ètè: ibẹ̀ yẹn ni. Ibẹ̀ yẹn! Ìrọ̀lẹ́ ni Kábíyèsí débẹ̀, ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, irọ́ létí.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ́jímí ti fi oyin kan hàn wọ́n. Oyin náà lọ wá òdòdó, ó padà wálé, ó wá ń ju ìdí lójú àwọn ẹbí rẹ̀. Bí òdòdó bá wà nítòsí, á ju ìdí díẹ̀. Bó bá jìnnà, á jù ú títí. Àwọn yòókù á fò lọ tààrà. Kábíyèsí ní: kòkòrò tí kò tó ẹ̀pà kì í purọ́, àwọn ará ìlú òun ń purọ́! Nítorí náà:

Òfin kìíní! Iwájú díẹ̀ ti kú. Ẹ ti dé tán ti kú. Ètè tí wọ́n bá bá níbi tó ti ń júwe ọ̀nà, okùn ni wọn yóò fi dì í fún ọ̀sẹ̀ kan!

Òfin kejì! Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bi léèrè ọ̀nà, kó kọjú síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ju ìdí. Àádọ́ta ìṣísẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Àádọ́ta, ẹ̀ẹ̀kan! Arúgbó lè yá ìdí ọmọ rẹ̀ lò. Ẹni tó bá yọ ẹyọ kan, yóò pọn àlejò náà débẹ̀.

Òfin kẹta! Oòrùn ni oyin fi ń mọ ọ̀nà. Bí òjò bá ṣú, ẹnì kan kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀nà. Kí kálukú jókòó síbi tó bá sọnù sí!

Òfin kẹrin! Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà, kó yé ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìwà wa nìyẹn! Kó ju ìdí sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Wúràọlá, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ó kàn yín. Ó kan olóyè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á: ẹnikẹ́ni ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá ku ọ̀daràn àkọ́kọ́. Ta ló sọ fún Kábíyèsí pé iwájú díẹ̀ ni? Èmi ni! Mi ò sẹ́. Ta ni nínú yín tó lè sọ fún ọba pé ibi tó ń lọ jìnnà? Ìdájọ́ mi: kí n ju iye ìdí tó kárí ọ̀nà láti ààfin dé oko oyin, ìgbà igba ó lé ọgọ́rin, lójú gbogbo ìlú, kí oòrùn òní tó wọ̀. Bó bá dín ẹyọ kan, agogo di ti Ṣùbérù!

Láti àárọ̀ ni mo ti ń jù ú, àdúgbò dé àdúgbò. Igba ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rin ti pé. Ẹyọ kan ló kù.

Àlejò kan ló dúró tì mí yìí. Màídúgùrì ló ń lọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó ń béèrè ọ̀nà. Èmi ò mọ̀ ọ́n o! Òfin kẹrin! Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Kábíyèsí ò mọ̀. Láti ibi tí mo dúró sí dé ẹnu ọ̀nà ààfin, àádọ́ta ìṣísẹ̀ géérégé.

Ẹ sún sẹ́yìn. Oòrùn ṣì wà lókè. Mo kọjú sí ààfin. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi kà á: ọ̀kan!

Àlejò, ó yá, ẹ lọ bi Kábíyèsí.

Mo ti ké e, agogo mi ti dún, ó dọwọ́ ìdí onídìí o!