Oorun Tó Gbé Mi Níbi Ìdọ̀bálẹ̀

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí, n ò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú tí a lọ tọrọ Rìsíkátù ní Niangon. Ọjọ́ náà ṣì máa ń wá bá mi lọ́sàn-án gangan, bí mo bá jókòó sẹ́nu ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì mi ní Koumassi, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń rọra fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti imú mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òkèèrè yìí láti Ṣakí, ìgbà ọyẹ́ nìkan ni igi máńgòrò ń tanná. Màá sín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó parí. Àmọ́ ojú ọjọ́ ti yí padà. Ooru kì í lọ mọ́, òjò ń dé nígbà tó bá wù ú, igi gan-an ò mọ oṣù mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní fámásì ṣàlàyé fún mi pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ló ń dà mí láàmú, pé bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni igi àti koríko ń tú u síta sí i. Ó fún mi ní páálí oògùn kan. "Ọ̀kan ṣoṣo, tonton," bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó juni lọ níbí, "tí ẹ bá ti fẹ́ sùn."

Alhaji, bàbá Rìsíkátù, ọmọ Ìgbòho, ti búra pé òun ò ní fọmọ fún alárùn. Ó tún ní ojú gbogbo ẹbí lòun yóò ti bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ mi. Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ láyé yìí! Ọdún méjì ni mo fi bi í, kò sọ nǹkan kan pàtó rí.

A wọ àgbàlá wọn, mo gbójú sókè. Yéè! Igi máńgòrò ńlá kan tanná yẹtuyẹtu ní oṣù tí kò yẹ, ìtànná ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún wa. Ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ọ̀tá mi ni. Mo sín. Mo tún sín.

Alhaji wò mí. "Ṣé ara yá ṣá?"

"Ara le koko bí ọta, Bàbá!" Mo sín mọ́ ọn.

Mo bá sá sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, mo gbé oògùn méjì mì lẹ́ẹ̀kan, kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, sísín náà dá wáí. Ṣùgbọ́n ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ohùn àwọn àgbà ń dún bí ẹni pé inú omi ni wọ́n wà.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí léjìká. "Dọ̀bálẹ̀. O ò gbọdọ̀ dìde àfi bí Alhaji bá ní kí o dìde."

Mo nà gbalaja. Ẹní náà tutù, ó dùn mọ́ mi lára. Òdòdó kan bọ́ sí mi létí. Mo rí Rìsíkátù nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, ó la ẹnu láti dá mi lóhùn, òdòdó ló ń jáde níbẹ̀.

Wọ́n ní Alhaji kọ́kọ́ yìn mí: "Ọmọ tó mọ ìtẹríba nìyí!" Wọ́n ṣe àdúà, n ò mira. Wọ́n bi Rìsíkátù léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáhùn, gbogbo ilé hó yèè, n ò gbórí. Ìgbà tí mo hanrun ni àṣírí tú.

Alhaji fọwọ́ ara rẹ̀ jí mi. Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ irú páálí oògùn mi gẹ́lẹ́.

"Ọ̀kan lèmi máa ń lò," ló wí. "Alẹ́ sì ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lo wákàtí kan. Látìgbà náà, bí mo bá ti wọlé àlejò, imú mi ni mo kọ́kọ́ ń sọ.

Rìsíkátù ti di ìyàwó mi. Mo ṣì ń bi í pé kí ló wí lọ́jọ́ náà, á ní kí n lọ bi àwọn tí ojú wọn là. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí o. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbéra ní Koumassi, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, àfi èmi tí wọ́n ń sọ ọ́ fún.