Ọjọ́ Tí Àlejò Wa Jẹ Abọ́

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé rẹ̀: ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé tó wá láti Àkúrẹ́ jẹ abọ́. Kì í ṣe pé ó jẹun nínú abọ́ o. Abọ́ gan-an ló jẹ.

Ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Mo ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Ìjerò, wọn ò sì tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Alábẹ̀wò yìí ló máa sọ bóyá kí n máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí n padà sí oko kòkó bàbá mi ní Arámọ̀kọ.

Mo wá fẹ́ fi ọgbọ́n hàn án. Mo ti ka ìwé kan tó sọ pé bí èèyàn bá po èròjà inú eérú mọ́ amọ̀, iná kékeré ti tó láti mú kí amọ̀ náà lẹ̀ mọ́ra, kó sì le. Inú mi dùn débi pé mo pa ìwé náà dé láì ṣí ojú ewé kejì.

Mo lọ bẹ ìyá àgbàlagbà kan tó ń mọ ìkòkò pé kó fún mi ní amọ̀.

"Tíṣà, ibo lo ti fẹ́ sun ún?"

"Nínú ààrò búrẹ́dì ni, Màmá."

"Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ lọ́kàn mi pé sáyẹ́ǹsì kò yé e.

Mo po eérú mọ́ amọ̀ náà, mo sì fi mọ abọ́ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n jáde nínú ààrò, wọ́n le, wọ́n sì ń ta sánsán bíi búrẹ́dì. Píríńsípà wa fi ìka kan ọ̀kan, ó dún ko. Ó ní, "Nínú èyí ni àlejò wa máa ti jẹun." Ó yẹ kí n ní ká kọ́kọ́ bu omi sí i, ṣùgbọ́n ìyìn ti gùn mí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbígbóná sínú abọ́ mi, wọ́n gbé iyán tì í. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò, mò ń ṣàlàyé bí amọ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ra. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọbẹ̀ ń ki sí i.

"Ẹ̀gúsí yín yìí ki dáadáa," ni àlejò wí.

Mo wo etí abọ́, ó ti ń tẹ̀ sínú. Òkèlè tó tẹ̀ lé e fa ègé abọ́ kan lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń run ún lẹ́nu.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Edé ni, sà."

Píríńsípà, tí kò mọ nǹkan kan, ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún un. Ìyẹn ló parí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ abọ́ já; ọbẹ̀ àti abọ́ ṣàn pọ̀ sórí ṣòkòtò funfun àlejò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ọbẹ̀ nínú wọn.

Ó wo ara rẹ̀, ó wò mí. "Tíṣà, èwo ni edé níbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Inú ọbẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí.

Ó fi oṣù mẹ́fà kún àkókò tí wọ́n fi ń wò mí. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ojú ewé kejì. Ohun tí ìwé náà pè ní iná kékeré fi ìlọ́po mẹ́ta ju iná ààrò búrẹ́dì lọ.

Mo kó abọ́ márùn-ún tó kù lọ bá Màmá. Kò bú mi. Ó jù wọ́n sómi, kí n tó ròyìn tán wọ́n ti padà di amọ̀. Ó tún wọn mọ, èmi ni mo ru igi tó fi sun wọ́n, wọ́n sì di abọ́ gidi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, alábẹ̀wò padà wá. Ó wo iṣẹ́ mi, ó fọwọ́ sí ìwé mi, ó sì jókòó sídìí oúnjẹ. Mo gbé ọ̀kan nínú abọ́ náà síwájú rẹ̀ tìgboyà-tìgboyà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì yọ abọ́ páànù tirẹ̀ jáde.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tèmi pẹ́ kó tó jáde. Láti ìgbà náà, èmi ni mo kọ́kọ́ ń lo ohunkóhun tí mo bá ṣe, n kì í sì í pa ìwé dé láì ka ojú ewé tó kàn.