Bàbá Ta Là Ń Sunkún Yìí?

Ọjọ́ Sátidé kan wà láyé mi tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀, èmi nìkan á dá rẹ́rìn-ín, ojú á sì tún máa tì mí. Ìgbà SÁÀPÙ ni, tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, nígbà tí owó oṣù àwa olùkọ́ máa ń dé nígbà tó bá wù ú, tí búrẹ́dì sì di ohun tí à ń rà fún aláìsàn. Arakale ní Àkúrẹ́ ni à ń gbé.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kò mọ ojúlé bàbá rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá náà kú ní Oǹdó, tí ìyá rẹ̀ sì pọ̀n ọ́n wá sí Àkúrẹ́. Ìyá ọ̀hún mọ ẹ̀tọ́ ilé ọkọ, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú. “Bàbá ẹ” ló máa ń wí. Káàdì ìrìbọmi ọkọ rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ nínú Bíbélì, Sámúẹ́lì ló wà lára rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ẹbí ìyá, wọ́n á ní kí bàbá mi lọ sọ̀rọ̀ nílé bàbá tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Ni èmi ọ̀mọ̀wé bá ní mo máa wá ilé náà rí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì náà ní Oǹdó, wọ́n gbé ìwé ìrìbọmi lé mi lọ́wọ́, eruku rẹ̀ mú mi sín lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i: Sámúẹ́lì, àgbẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò rẹ̀. Mo pa ìwé dé. Èmi tí mo ń na ọmọ ilé-ìwé tí kò bá ka ìbéèrè dópin, n kò ṣí ojú ewé kejì.

Bí èmi àti bàbá mi ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, òun nínú agbádá ìgbéyàwó rẹ̀, èmi pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́ta. A dé ojúlé náà, a bá ibojì sìmẹ́ńtì níwájú ilé, wọ́n kọ Sámúẹ́lì sí i gàdàgbà. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Ẹ kú ilé o, ìyá. Ọmọ Bàbá Sámúẹ́lì dé láti Àkúrẹ́!”

“Ọmọ Sámúẹ́lì wo?”

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà. Mo ti wo ìwé.”

Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Baba mi! Ulé baba mi rè é o!” Ó ròyìn ọmọ mẹ́fà tó bí fún bàbá tó wà nínú ilẹ̀, ó ròyìn oko kòkó, ó ròyìn ìpá tí wọ́n là fún un. Èmi náà wó lulẹ̀, igbe tèmi tilẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àwọn ará òdìkejì títì gbé bẹ́ńṣì jáde láti wòran. Kí a tó nu ojú tán, àwọn ọmọ ilé ti jẹ búrẹ́dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá wá gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. “Èmi ni àbígbẹ̀yìn ẹni tí ẹ ń sunkún yìí. Kò gbé ìlú mìíràn rí, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan tó sọ nù. Sámúẹ́lì mẹ́rin ni wọ́n rì bọmi lọ́jọ́ kan náà, orúkọ tí katikíìsì fẹ́ràn nìyẹn. Òdìkejì títì yẹn, nílé ọ̀kan nínú wọn, ni ìyàwó kan ti pọn ọmọ lọ sí Àkúrẹ́.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ látàárọ̀?”

“Ṣé o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni? Àti pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sunkún bàbá mi. Ó dùn mọ́ mi.”

A sọdá títì. Bàbá arúgbó kan tí imú rẹ̀ rí bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́ dìde lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí a ṣàlàyé tán, ó ní bàbá òun náà ni, ó sì tọ́ka sí ibojì rẹ̀. “Ẹkún yín dáa o. Ó yá, ẹ wá sun tiwa.”

Bàbá mi tún dọ̀bálẹ̀. Ó fún ojú pọ̀, omi kò jáde. Ó sọ sí mi létí pé, “Mo ti ròyìn tán lọ́hùn-ún. Kí ni mo tún fẹ́ wí?”

“Àbí bàbá tiwa ni kò yẹ lẹ́ni à ń sunkún?” ni arúgbó náà wí. Ni ẹ̀rín bá pa bàbá mi nílẹ̀ tó wà. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá na ọwọ́ sí i. “Dìde, àbúrò mi.”

Ẹnikẹ́ni kò pe bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí láti ilé bàbá. Ó di ọwọ́ náà mú, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò ní ìròyìn kankan nínú.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ka ìwé dé ìparí kí n tó sunkún fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá ẹlẹ́gùúsí ní a ti sunkún wọ inú ẹbí òun, pé kò sí ọ̀nà àtijáde mọ́. Ilé méjèèjì ló ń pè mí sí ìpàdé ẹbí báyìí, Sátidé kan náà ni wọ́n sì máa ń mú.