Ilé Ìwòsàn Tí Gbogbo Wa Gbọ́dọ̀ Rí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ! Ẹni tó ń rokà, kó gbé omorogùn sílẹ̀! Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án gangan, kó jí! Èmi Ọ̀jẹ́wálé akéde ni mò ń ké. Ẹnu lásán ni tèmi. Olóyè Fásanyà, alága káńsù wa, ló ni ọ̀rọ̀.

Ọlọ́pàá kan ti wọ̀lú. Inspẹ́kítọ̀ Ọláògún ni wọ́n ń pè é. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo ní kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀! Alága fi ewúrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ó dá a padà. Wọ́n so okùn tuntun mọ́ ewúrẹ́ náà lọ́rùn, ó tún dá a padà, tòun ti okùn. Irú èèyàn wo nìyẹn? Ilé ìwòsàn tí ìjọba ní kí alága kọ́ sẹ́yìn ọjà ló ń wá. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, alága gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ níṣojú wa. Ríbọ́ọ̀nù la rí, a ò rí ilé. A pàtẹ́wọ́, a jẹ ráìsì, a lọ sílé.

Nítorí náà, alága pàṣẹ!

Èkíní. Láti òní lọ, gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ máa rí ilé ìwòsàn náà. Ẹni tí kò bá rí i, ojú ló ń dùn ún. Yóò san ewúrẹ́ méjì, wọn yóò sì tọ́jú ojú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà.

Ìkejì. Ẹni tó bá ń kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kí àwọn nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́. Kó má dúró de ìdáhùn o.

Ìkẹta. Àgbàdo tí Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún gbìn síbẹ̀ kì í ṣe àgbàdo mọ́. Aláìsàn ni wọ́n. Orí ìdúró ni wọ́n wà nítorí pé bẹ́ẹ̀dì ò tó. Ẹni tó bá ya ọ̀kan sun jẹ, apànìyàn ni! Ẹ̀wọ̀n ni!

Ìkẹrin. Aboyún kankan kò gbọdọ̀ rọbí títí Inspẹ́kítọ̀ yóò fi kúrò nílùú. Bó bá rọbí, orí ọ̀kadà la máa gbé e sí lọ sí ìlú kejì, Inspẹ́kítọ̀ á sì bèèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Orí ọ̀kadà yẹn ni Àṣàbí ọmọ mi bímọ sí lọ́dún tó kọjá, nínú òjò. Ọmọ náà ò ké. Ó dùn mí o, ó dùn mí dọ́kàn. Àṣàbí tún ti lóyún, láti àárọ̀ yìí ló sì ti ń rọbí.

Ìkarùn-ún. Àṣírí ni ìkéde yìí! Mo ní àṣírí ni! Kò gbọdọ̀ dé etí Inspẹ́kítọ̀. Akéde tó bá sún mọ́ ilé àlejò tó dé sí, wọn á gba agogo rẹ̀, wọn á lé e kúrò nílùú.

Àmọ́ láyé àwọn baba wa, òfin tí akéde ò bá ké dé gbogbo ìkóríta, kì í ṣe òfin. Ìkóríta mẹ́fà la ní. Mo ti ké ní márùn-ún. Ẹ̀kẹfà wà níwájú ilé àlejò, ibẹ̀ ni mo dúró sí yìí. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Láti orí ọ̀rọ̀ àgbàdo ni Inspẹ́kítọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Lónìí, n ò bẹ̀rù ẹnì kankan.

Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Agogo rèé nílẹ̀, kí alága wá gbé e. Ọ̀gá Ọláògún, ẹ dákun, ẹ fi bírò yẹn sílẹ̀ ná, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín. Àṣàbí wà nílé, ọmọ inú rẹ̀ ò lè dúró de ẹjọ́.