Ọjọ́ Tí Mo Kí Àna Mi Kú Ọ̀fọ̀

Bí mo bá pẹ́ láyé títí irun mi fi funfun, ọjọ́ tí mo lọ kí àna mi ní Ìfọ́n kò ní tán lọ́kàn mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìlobù, ó sì ku oṣù kan kí wọ́n so yìgì èmi àti Sìkírá.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí orí mi ti ń ṣe bákan. Oorun ò wá, mò ń gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà, mo tiẹ̀ rán apá mẹ́ta sí bùbá ẹnìkan. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ara mi ni mò ń tàn.

Bí mo ṣe dé ilé Bàbá Sìkírá láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fún ta ni? Fún àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà! Bàbá fúnra wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò mí. Mo dìde, mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún òkú."

"Òkú ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Sìkírá sáré jáde, ó di ọwọ́ mi mú. Mo wò ó látorí délẹ̀, mo figbe ta: "Ìwọ kọ́ ni Sìkírá! Níbo lẹ gbé e pamọ́ sí?" Àdúgbò pé lé wa lórí. Àwọn kan ní igbó ni mo mu, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Ìyá Sìkírá ní àwọn ò lè fi ọmọ àwọn fún wèrè. Ibẹ̀ ni gìrì ti gbé mi ṣánlẹ̀.

Bàbá tí mo ti sin tán yẹn náà ló fi mọ́tò wọn gbé mi lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn mi lọ yẹ̀ wò, dókítà, obìnrin kan báyìí, ṣàlàyé fún Bàbá: "Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ló ṣìnà, sà. Ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Nínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì kan ló máa ń ránṣẹ́ sí èkejì; ibi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́. Iṣẹ́ ò wá dé ibi tó yẹ mọ́."

"Kì í ṣe wèrè?"

"Àìsàn ni, sà. Ó sì lóògùn."

"Alhamdulilahi. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ṣì jẹ mí ní ẹ káàárọ̀ kan."

Ó gbà mí lóṣù mélòó kan kí ẹnu àti ọkàn mi tó tún bára wọn mu. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìwà ẹnìkan bá ṣàdédé yí padà, ẹ má bá a jà, ẹ má sì kọ́kọ́ máa wá ẹni tó ń ṣe é. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀.

Sìkírá ti di ìyàwó mi báyìí. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, tí mo gbá orí mú bí ẹni pé àìsàn yẹn tún ti dé, á ní, "Baálé mi, dókítà ní ara yín ti yá. Ìwà yín nìyẹn." Ẹ̀rín ni mo máa ń rín.