Ààfin Tó Ń Gba Atẹ́gùn

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i? Ẹ má wojú ara yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lásán á rò pé orí àwọn àgbà ti dà rú. Iná jó ilé, ẹ ní ó lẹ́wà! Orí àwọn àgbà kò dà rú o. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ni orí wọn dà rú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́. Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò nínú ẹ̀wà tí mò ń ṣà.

Ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ ni àwọn ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n ní ọdẹ. Ọ̀nà ló mọ̀. Bó bá lọ sí ìgbẹ́, kì í mú ẹran bọ̀, ìròyìn ìlú onílùú ló ń mú bọ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé Ìrójú tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ Àyọ̀ká, Àyọ̀ká fẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ìyá Àyọ̀ká ni kò fẹ́.

"Ìròyìn ò ṣe é se lọ́bẹ̀," ni ìyá náà máa ń wí.

Ìrójú yìí kò ní ọba. Baálẹ̀ ni wọ́n ní, ilé Baálẹ̀ kò sì ju ilé ẹlòmíràn lọ, àfi pé ewúrẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tó fojú kan ààfin rí. Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí jókòó, ó ń ròyìn àwọn ìlú àtijọ́ tó ní odi gíga, tí yàrà jíjìn yí ká, tí ààfin wọn ti wà láti ayé baba ńlá ọba. Ìyá Àyọ̀ká gbọ́ títí, ó gbé ẹní tó ń hun kalẹ̀.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, nínú gbogbo èyí tó ò ń kà sílẹ̀, mélòó lo lè fi hàn mí lóòjọ́?"

"Mẹ́ta, ìyá mi. Ká jáde ní kùtù, ká padà délé kí oòrùn tó wọ̀."

"Ó dáa. Bí mo bá rí ẹyọ ààfin kan tó wù mí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wá mú ìyàwó rẹ. Bí n kò bá rí i, Àyọ̀ká á fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, má sì jẹ́ kí n rí ọ lójúde mi mọ́."

Àyọ̀ká wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sáré pàdé Ọdẹ́jìnmí lọ́nà odò.

"Jọ̀ọ́, mú wọn lọ síbi tó dáa. Ọmọ alágbẹ̀dẹ yẹn máa ń hanrun bí ẹwìrì."

Bó ṣe di ọjọ́ náà, ìyá Àyọ̀ká kò dá nìkan jáde. Ó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun purọ́ bí òun bá dé. Ọdẹ́jìnmí so aṣọ pupa mọ́ orí ọ̀pá, ó gbé e sókè.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ibi tí ẹ bá ti rí aṣọ pupa yìí ni kí ẹ máa tẹ̀ lé."

Kò burú. Ìlú Ìlódò ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n ṣe wọ ẹnubodè, ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ pupa gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ó gbé ọjà rẹ̀ lé orí, ló bá di pé ìdajì àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e. Wọ́n bá a dé inú ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gúnyán, ó gbójú sókè, ó rí obìnrin rẹpẹtẹ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ló lọ là wọ́n, orí ló sì kó o yọ lọ́wọ́ ọmọ odó.

Ìgbà tí wọ́n wá wọ ààfin Ìlódò, inú rẹ̀ ṣókùnkùn bí inú àkèrègbè. Àwọn tó kọ́ ọ kò fẹ́ kí oòrùn máa wo ojú ọba, wọ́n bo òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ débi pé èèyàn á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Àgbàlá wà nínú àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní àwọn ò ní sọ nù mọ́, ni oníkálukú bá di aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ẹni tó ṣíwájú wọn na ọwọ́ nínú òkùnkùn, ó rí aṣọ kan, ó dì í mú. Aṣọ ẹni tó kẹ́yìn ni. Bí wọ́n ṣe ń yípo nìyẹn, bí ìjàlọ tó sọ ọ̀nà nù, tí gbogbo wọn ń sọ pé, "Ààfin yìí mà gùn o!"

Ìyá Àyọ̀ká fi wọ́n sílẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó rí ẹnì kan tó dúró gbọnin ní kọ̀rọ̀, tó de adé. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kábíyèsí o! Èmi ni ìyá Àyọ̀ká láti Ìrójú. Ara le, ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ mí lẹ́nu."

Ó kí i títí, ó sọ ti orúnkún, ó sọ ti ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé, ó sọ ti àgbàdo tí ọ̀bọ jẹ. Ẹni náà kò fèsì.

"Ọdẹ́jìnmí! Kí ni mo ṣe fún ọba yín tí kò dá mi lóhùn?"

"Ìyá mi, òpó ni wọ́n gbẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Kò wù mí."

Wọ́n bá di Òkè-Igbá. Òkè ni lóòótọ́, wọ́n gùn ún títí ẹ̀mí fẹ́ẹ̀ bọ́. Ọdẹ́jìnmí na ọ̀pá rẹ̀ sí odi ìlú, ó ń ṣàlàyé.

"Odi yìí, nígbà ogun ni wọ́n mọ ọ́n. Ọ̀tá kankan kò gùn ún rí."

"Ogun náà ti parí?" ni ìyá Àyọ̀ká bi í.

"Ó ti pẹ́ tó parí."

"Kí ló wá dé tí wọn ò wó o, kí wọ́n gbin ilá síbẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára odi, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ààfin.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ààfin, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n dúró, Kábíyèsí ń wẹ̀. Wọ́n dúró. Oòrùn rìn, òjìji yí padà, Kábíyèsí ṣì ń wẹ̀. Àwọn obìnrin jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n gbé dání tán. Kábíyèsí ń wẹ̀.

"Ṣé ara ọba ju tiwa lọ ni?" ni ìyá Àyọ̀ká rọra béèrè. Ó dìde. "Ògiri ni mo rí. Ògiri wà nílé. Kò wù mí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọdẹ́jìnmí báyìí. Méjì ti lọ, ẹyọ kan ló kù, ẹyọ kan yẹn náà ni Àyọ̀ká wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ìlú kẹta yìí, Ìdí-Arère, òun ló fi pamọ́ dè wọ́n. Ààfin Alárère, ọba ibẹ̀, ló dára jù nínú gbogbo èyí tó ti rí.

Ohun tí kò mọ̀ nìyí. Agbọ́n kọ́lé sí òrùlé ààfin náà, Alárère sì ní òun ò ní bá agbọ́n pín ààfin. Ó já ewé gbígbẹ, ó ṣáná sí i, ó fẹ́ fi èéfín lé wọn. Agbọ́n lọ. Òrùlé náà lọ. Láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ iṣu sísun, ó ku ògiri nìkan.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó bà á jẹ́. Èèwọ̀ ni ní Ìdí-Arère pé kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan ọba bàjẹ́. Bí eyín ọba bá yọ, wọ́n á ní eyín Kábíyèsí lọ sóko. Bí ẹṣin rẹ̀ bá kú, wọ́n á ní ẹṣin ń sinmi. Nítorí náà, nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé ẹnubodè tó bi oníbodè pé ṣé àlàáfíà ni, oníbodè wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Àlàáfíà ni. Ààfin kàn ń gba atẹ́gùn ni."

"Ó ń gba kí ni?"

"Atẹ́gùn. Ẹ máa wọlé, ẹ má kó ìdààmú bá mi."

Wọ́n wọlé. Ọdẹ́jìnmí gbé ojú sókè, ọ̀pá aṣọ pupa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba jókòó sí àárín ògiri tí kò lórùlé, wọ́n fi agboòrùn bò ó, ó lejú koko. Àwọn ará ìlú jókòó yí i ká, wọ́n ń sunkún, wọn ò sì lè sọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí. Bí ọba bá ti wò wọ́n, wọ́n á ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe wọ́n.

Ìyá Àyọ̀ká wo òkè. Ó rí àwọsánmà. Ó fa aṣọ ẹmẹ̀sẹ̀ ọba kan tó wà nítòsí, Látẹ́jú lorúkọ rẹ̀.

"Baba, ibo ni òrùlé wà?"

Látẹ́jú tún fìlà rẹ̀ dé. "Ó lọ sájò."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Bí koríko bá gbó."

Ọdẹ́jìnmí ti dọ̀bálẹ̀ kí ọba, ó sì gbàgbé láti dìde. Ó ń ronú bí wọ́n ṣe máa gbé Àyọ̀ká lọ sílé alágbẹ̀dẹ. Bó bá sọ òótọ́, ọba á ní kí wọ́n dè é. Bó bá dákẹ́, ó pàdánù ìyàwó.

Ìyá Àyọ̀ká sún mọ́ ògiri. Iná ti sun ún pupa bí ìkòkò, ó fi ìka kàn án, ó dún kókó. Èéfín ti fa dúdú sí etí rẹ̀ lókè bí ẹni lé tìróò sójú. Atẹ́gùn ń fẹ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ó bú sí ẹ̀rín, ó pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Ojú ọ̀run ni wọ́n fi ṣe àjà! Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wá wo ilé!"

Ọ̀fìnkìn àwọn ará ìlú lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba dìde dúró.

"Obìnrin, ṣé èmi lò ń fi ṣẹ̀sín?"

Ìyá Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sílẹ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ààfin méjì ni mo ti dé lónìí. Ọ̀kan ṣókùnkùn, òpó ni mo kí. Ìkejì, wọ́n ní ọba ń wẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Tiyín nìkan ni mo ti rí ọba, tí mo rí ẹsẹ̀ ara mi. Ta ló bá yín kọ́ ọ?"

Alárère wo Látẹ́jú. Látẹ́jú wo ilẹ̀. Ta ni kó dárúkọ, ṣé agbọ́n ni?

"Èmi ni," ni ọba wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

"Ọwọ́ yín dáa! Ọdẹ́jìnmí, dìde ńlẹ̀. Ó wù mí!"

Ìgbà tí Ọdẹ́jìnmí fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀. Inú ọba dùn débi pé ó yíjú sí àwọn ará ìlú, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ọ̀fìnkìn ń ṣe?" Ojú tì wọ́n. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, olúkúlùkù ń gbé nǹkan wá kí àlejò má baà mọ iyì ààfin jù wọ́n lọ: èyí gbé ilẹ̀kùn gbígbẹ́, èyí gbé igi arère, èyí gbé koríko tuntun. Wọ́n fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí oòrùn máa wọlé, bí àlejò ṣe fẹ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ààfin tó dà bíi rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà.

Ọdẹ́jìnmí àti àwọn obìnrin náà ti padà dé Ìrójú lọ́jọ́ kan náà kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Àyọ̀ká mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, wọ́n dá ọjọ́ ìyàwó. Ọdẹ́jìnmí mọlé tuntun, ó bò ó, ilé náà dúró dáadáa. Nígbà tó ku ọ̀la kí ìyàwó wọlé, ìyá Àyọ̀ká yọ sí i pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Ní Ìrójú, ìyá ìyàwó ló ń dá iná àkọ́kọ́ sí ààrò ilé tuntun, Ọdẹ́jìnmí kò sì bi í léèrè.

"Ilé rẹ dáa, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn. Jẹ́ kí n bá ọ tún un ṣe díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ìyá mi."

Kò kọjú sí ààrò rárá. Òrùlé ló ti ògùṣọ̀ bọ̀.

"Ìyá mi! Ìyá mi! Ẹ gbà mí o!"

"Dákẹ́ ariwo! Jẹ́ kó tutù ná, wàá rí i."

Ó tutù. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ògiri náà kò tíì gbẹ látòkè délẹ̀, ó dún gbì, ó wó lulẹ̀. Àwọn ará abúlé rọ́ wá. "Ẹ kú ewu iná o, iná ò ní jó wa mọ́ o!" Ẹnu nìkan ni wọ́n gbé wá. Ẹnì kan kò gbé ilẹ̀kùn, ẹnì kan kò gbé igi, ẹnì kan kò fa koríko kan dání. Wọ́n kí wọn tán, wọ́n lọ.

Àyọ̀ká dé, ó wo eérú, ó wo ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé ó wù yín?"

Ìyá náà kọjú sí Ọdẹ́jìnmí. "Kí ló dé tí tìrẹ ò dà bíi ti Alárère?"

"Ìyá mi, ṣé èmi ni ọba ni?"

Ibẹ̀ ló ti yé ìyá Àyọ̀ká. Níbo ni ìyàwó á wá wọ̀ lọ́la? Ilé ìyá ìyàwó ni. Àna kó wọlé àna, pẹ̀lú ọrun, pẹ̀lú ọfà, pẹ̀lú ìròyìn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀dọ̀ ìyá Àyọ̀ká kọjá, níta ló máa bá a níbi tó jókòó sí, nítorí inú ilé ti kún, á sì gbọ́ tó ń sọ pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé àna mi tó jó, yàrá mi ló kó wọ̀."

Àwọn àgbà fi apá kejì sílẹ̀ fún òun nìkan. Apá kìíní ni wọ́n kó fún gbogbo wa: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba, ẹ gbọ́ mi? Kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọba wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó ṣáná.